Ìlà Kẹtàdínlógún tí Bàbá Ṣèyí Fi Sílẹ̀ fún Mi

Ó wá di ìgbà wo báyìí, Bàbá Ṣèyí? Ọlọ́wọ́ orí mi, ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, ẹ ti lọ síbi tí ìpè fóònù kò lè dé, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi ní ààbọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi jọ gbé. Mo ti ṣírò rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọjọ́. N kò rántí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan tí ẹ kò parí rẹ̀, àfi ọjọ́ tó gbẹ̀yìn.

Àwọn ará Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí, níbi tí ẹ ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, mọ ìwà yín yìí dáadáa. Ẹ lè máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kí ẹnìkan dé ẹnu ọ̀nà pé wáyà òun já. Ẹ ó dìde láìbínú, ẹ ó gbọ́ tirẹ̀, ẹ ó ṣe é. Bí ẹ bá padà wá jókòó, orí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti dúró gan-an lẹ ó ti mú un. Ẹ kì í béèrè pé, "Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?" Mo rántí ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ síwájú yín, tí ẹ ní, "Ìyá Ṣèyí, ẹja inú ọbẹ̀ yìí," tí ọlọ́kadà kan sì wá gbé yín lọ sí Dàda Estate nítorí jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú lẹ fi lọ. Bí ẹ ti wọlé, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ ní, "iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Omi náà ṣì ń bọ́ lónìí, ẹ̀rín ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àwọn tó ń gbé rédíò wá fún àtúnṣe dín kù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni yín, ẹ sì jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ẹ kan àpótí ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè Baálẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin bí adìẹ. Igba ẹyin ó lé ogójì ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: kí ooru má dín, kó má sì pọ̀; kí ẹyin máa yí; kí omi máa wọ́n sí afẹ́fẹ́ inú àpótí; kí agogo dún bí omi bá fẹ́ tán. Mo rò pé kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́rin la máa rà. Ẹ ní ọ̀kan tó. Inú mi dùn, nítorí èmi ni mo di àpò ilé mú.

Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ ní kí n ro obìnrin mẹ́rin lẹ́nu kànga kan, tí okùn kan ṣoṣo wà fún gbogbo wọn. Ọ̀kan á fa korobá kan, á fi okùn lé èkejì lọ́wọ́, á sì rántí iye korobá tí òun ti fà, kó lè máa kà á lọ nígbà tó bá tún kàn án. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń já okùn gbà lọ́wọ́ wọn. Ìwà rere àwọn fúnra wọn ló ń mú omi dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò fi okùn sílẹ̀, àwọn yòókù á dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Orúkọ òyìnbó ni wọ́n fún àwọn àṣẹ inú èdè kékeré tí ẹ fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ fún méjì nínú wọn lórúkọ tiwa: yàgò àti jí. Bí iṣẹ́ kan bá ṣe díẹ̀, á dé ibi tí ẹ kọ yàgò sí, á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò á wá jí èyí tó kàn. Nígbà tí àyè bá tún yí kan ti àkọ́kọ́, wọn á jí i, á máa bá a lọ láti ibi tó dúró, kò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi yín pé èyí tó bá ti ṣe tirẹ̀ tán pátápátá ńkọ́, ṣé a lè jí òun náà? Ẹ ní, "Rárá o. Èyí tó dúró là ń jí. Èyí tó ti parí, bó o bá pè é, àṣìṣe ni ẹ̀rọ máa kọ sí ọ. Tuntun lo máa dá sílẹ̀." Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ iye ẹyin.

N kò ní fi ohun tí mo ṣe pamọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa dárò. Mo rí i pé yàgò pọ̀ nínú ètò náà, ojú mi kò sì gbà á. Mo béèrè lọ́wọ́ yín, Bàbá Ṣèyí, bó ṣe ń pẹ́ tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Mo mú bírò. Ètò ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹgbàá mẹ́tàlélógójì ìṣẹ́jú-àáyá àti irínwó ló wà nínú ọjọ́ kan. Yàgò kan ṣoṣo ń jẹ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti díẹ̀ lójúmọ́. Ní ọjọ́ mọ́kànlélógún tí ẹyin fi ń pa, ó ti di wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú méjì. Wákàtí márùn-ún tí ẹ̀rọ wa fi ń yàgò fún ara rẹ̀, a sì ń san owó iná. Nígbà tí ẹ lọ sí ìpàdé ẹbí ní Iléṣà fún ọjọ́ méjì, mo ṣí ètò náà, mo sì pa yàgò kan rẹ́ nínú iṣẹ́ ooru. Ọ̀kan péré.

Iṣẹ́ ooru kò fi okùn sílẹ̀ mọ́. Ooru pé géérégé, mo ń wò ó, mo ń yin ara mi. Ẹyin kò yí. Omi tán nínú àwo, agogo kò dún, nítorí kò kan agogo rí láti ìgbà náà. Bí ẹ ti dé, ẹ wo iye ìgbà tí ẹyin ti yí, ẹ rí i pé iye tí ẹ fi sílẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo pa rẹ́, mo sì na ìwé ìṣirò mi sí yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan yẹn padà, ẹ sì gba ìwé ìṣirò mi, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìyá Ṣèyí, ìṣirò rẹ pé," lẹ wí. "Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá yẹn kì í ṣe òfò. Ìpín àwọn mẹ́ta yòókù ni." Lẹ́yìn náà lẹ rẹ́rìn-ín. "Àwa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pè ní ahun. Ọmọ Òṣogbo ló wá ń ṣọ́ ìṣẹ́jú-àáyá ná."

Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún péré ló pa nínú igba ó lé ogójì náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti búra pé n kò ní fọwọ́ kan ètò náà mọ́. Mo ń ka ẹyin, mo ń bu omi, ó tán. Ẹ kò bá mi jiyàn.

Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni àìsàn yìí dé. Ẹyin ti lo ọjọ́ mẹ́jọ nínú ẹ̀rọ nígbà tí a gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣèyí ọmọ wa wá láti Iléṣà, ó ń bu omi sí i. Ní ọjọ́ kẹtàlá ẹyin, ara yín fúyẹ́ díẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, "Ìyá Ṣèyí, tó o bá délé, ṣí ìlà kẹtàdínlógún, kí o." Nọ́ọ̀sì wọlé nígbà yẹn, ó fẹ́ pààrọ̀ omi tó ń kán sí yín lára, ó ní kí n bọ́ síta díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí nọ́ọ̀sì, ẹ fún un láyè, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo padà wọlé, ẹ ti sùn. Mo jókòó, mo ń retí ọ̀rọ̀ tó kàn. Ẹ kò jí mọ́.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ilé kún. Àwọn tó wá kí wa ń rìn dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ wo ẹyin yín, wọ́n ń káàánú, wọ́n sì ń gbàgbé láti tì í. Ooru ń jáde. Àbúrò yín pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rọ yìí, ká wá ẹni tó máa rà á. Ta ni yóò máa bójú tó o? Ẹ̀yin náà ò kúkú gbàgbé ẹyin ọjọ́sí." Mo ní kó jẹ́ kí ẹyin tó wà nínú rẹ̀ pé ọjọ́ ná.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí ìlà kẹtàdínlógún nínú ètò ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ karùn-ún ni mo bá níbẹ̀. Ìyá Ṣèyí lẹ sọ orúkọ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju yàgò lọ: kí wọ́n jí i, kó yàgò, kí wọ́n tún jí i. Mo wo ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo ba ẹyin jẹ́ ni. Mo mú bírò. Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún oṣù mọ́kànlá, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ yín ti pe orúkọ mi, tó fún mi láyè, tí n kò sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí mo ṣe láhun tó, ẹ ná gbogbo ìyẹn lé mi lórí, ẹ kò sọ fún mi.

Mo kọ ìlà mẹ́rin sí i: bí ooru bá ń dín ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lọ nítorí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, kí agogo dún. Mo fi yàgò sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta pé yàgò wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá kan ṣí ilẹ̀kùn, agogo dún, ó ní, "Ẹ gbà mí o," ó sì tì í kíá.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé. Igba ó lé mẹ́ta òròmọdìẹ ló jáde. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo sì yíjú padà láti sọ iye wọn fún yín.

Àbúrò yín kò sọ̀rọ̀ ẹni tó máa rà á mọ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Kí o" kí ni, Bàbá Ṣèyí? Ṣé kí n kọ ọ́ ni, àbí kí n pa á rẹ́? Ìdajì tí mo fi dí i, tèmi ni, kì í ṣe tiyín. Tí ẹnu ọ̀nà bá dún, mo ṣì ń gbójú sókè, bóyá ẹ ó wọlé, kí ẹ mú un láti orí ọ̀rọ̀ tó kàn kí ẹ tó bọ́ bàtà. Mo mọ ohun tí ẹ̀rọ máa ń kọ sí ẹni tó bá ń pe èyí tó ti parí. Síbẹ̀, mo ń pè yín. Jíjí irú èyí kò sí lọ́wọ́ mi, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà, mo sì fi sílẹ̀ fún un.

Mo ti kó igba ẹyin ó lé ogójì mìíràn sínú àpótí. Ẹ sùn re, ọkọ mi, ẹ sùn láìwẹ̀yìn. Okùn ti dé ọwọ́ mi. N ó fa korobá kan, n ó sì yàgò.