Sùtánà tí wọ́n rán fún ọkọ mi ní Vietnam

Ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló ní ká lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ wá láti ìlú kan ní Vietnam tó jẹ́ pé aṣọ rírán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ wa ní, "Daddy, ẹ lọ sinmi. Ẹ kúrò nínú òtútù Thamesmead yìí díẹ̀." Àìsàn ti wà lára ọkọ mi nígbà náà. Dókítà ní kò burú tí a bá lọ, ṣùgbọ́n ká má pẹ́. Ọkọ mi ti lọ báyìí, èmi nìkan ló kù nínú ilé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn ún ju àìsàn lọ ni pé kò lè dúró níwájú ìjọ mọ́. Àgbà ni nínú ìjọ wa aláṣọ funfun, òun ló máa ń ka Ìwé Mímọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rù. Sùtánà rẹ̀ wá ń wọ́ nílẹ̀, ọrùn aṣọ náà ń yọ̀ bọ́ sí èjìká. Lọ́jọ́ ìsìn kan ó tẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ mọ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lójú gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a dín sùtánà náà kù, ó kọ̀. "Mo máa sanra padà."

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Abbey Wood, ó gbé wa dé pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí a dé ìlú náà, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tò síbẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù onírun ṣe tò ní Woolwich. Lọ́jọ́ kejì ọkọ mi ní, "Mummy, níbí ni màá ti rán sùtánà tuntun."

Ọ̀dọ̀ àǹtí ọ̀rẹ́ ọmọ wa la lọ. Orúkọ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu mi títí dòní, inú àdúrà ni mo ti ń pè é, kì í ṣe inú ìwé. Kò gbọ́ èdè wa. Ó máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, fóònù á wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

A ní aṣọ funfun la fẹ́, tó gùn, tó lápá gbọọrọ. Ó gbójú sókè. Fóònù ní, "Ta ló kú?"

Ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó kú. "Mummy, fi fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì hàn án."

Mo fi fọ́tò ìkórè wa hàn án: gbogbo wa nínú funfun, láìwọ bàtà, tí à ń jó. Ó wò ó títí. Fóònù ní, "Èèyàn mélòó ló kú?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀. Àṣé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ń wọ irú rẹ̀. A ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ ìyìn ni. Nígbà tó gbọ́ pé àmùrè búlúù ló máa ń lọ mọ́ ọn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí aṣọ ṣetán fún wíwọ̀ wò, ìjà dé. Ọkọ mi bọ́ bàtà. Obìnrin náà ní kó wọ̀ ọ́ padà, torí pé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń wọn ìṣẹ́tí.

"Mi ò lè wọ bàtà sí sùtánà láé."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láìsí bàtà. Lẹ́yìn náà ló fi abẹ́rẹ́ há aṣọ náà mọ́ ọn lára. Ọkọ mi wo dígí, ó ní kó tú u, kó fẹ̀ ẹ́ dáadáa, òun máa sanra padà.

Obìnrin náà kò tú nǹkan kan. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù. "Ta ni kí n rán an fún? Ẹni tó dúró síbí, àbí ẹni tó ń bọ̀?"

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Mummy, kí lo rí?"

"Ẹ̀yin ni mo rí, Daddy. Ẹni tó dúró síbí ni mo bá wá."

Ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ wà. Ó wá ní, "Ó dáa. Kó rán an fún ẹni yìí. Kó tètè ṣe é o, kí ẹni yìí náà tó yí padà."

Nígbà tí a padà dé ilé, wòlíì wa gbàdúrà sí aṣọ náà. Lọ́jọ́ ìsìn, ọkọ mi dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó rìn lọ síwájú láìdi nǹkan kan mú. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ó ka orí náà tán. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá ìjọ kan pariwo lójú ọ̀nà Harrow Manorway níta: "Daddy! Ara ti yá nìyẹn!"

"Ara ò tíì yá, Ìyá. Aṣọ ló bá mi mu."

Ó ń ka Ìwé Mímọ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí òtútù fi dé. Nígbà tí kò lè nàró mọ́, wọ́n gbé àga síwájú fún un, ó jókòó kà á.