Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Orúkọ Mi ní Pápá Ìṣeré Accra

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Kokomlemle, kò sí ọjọ́ tí mo máa ń retí tó ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Accra á rántí pápá ìṣeré ńlá tó wà lẹ́bàá òkun, bó ṣe rí kí wọ́n tó tún un kọ́. Orí sìmẹ́ńtì lásán la máa ń jókòó sí. Bí oòrùn bá ti pa á, á máa jó ni nídìí, àfi kéèyàn tẹ́ páálí. Atẹ́gùn òkun á gbé òórùn kelewele wọlé bá wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín tí wọ́n fi ata àti atalẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ látìgbà tí òmìnira Ghana ṣì tutù.

Télọ̀ ni Bàbá mi, kì í fẹ́ ariwo. Màmá, tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Tudu, ló fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bàbá ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ ká wọ àárín irú èrò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti fọ abọ́ oúnjẹ ọ̀sán tán, Màmá á ju tẹ̀sùbáà sínú báàgì, á ní, "Bàbá Sídíkà, a ń lọ sí àsàlátù o." A máa ń lọ lóòótọ́. A kàn kì í dúró kí wọ́n ṣe é tán ni. Láti ibẹ̀, ó di ibùdókọ̀ Circle, ká wọ trotro, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò.

Bí a bá dé pápá, Màmá á di ẹlòmíràn. Á pariwo ní Twi, á pariwo ní Ga, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i gan-an, Yorùbá ló máa ń jáde: "Rẹfirí, ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Àwọn ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ fún Alata lááyè, bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Mo ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọlé, gbogbo èrò fò sókè, ọwọ́ mi bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n tì mí títí mo fi bá ara mi nísàlẹ̀, mò ń ké. Ọlọ́pàá obìnrin kan gbé mi, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀. Wọ́n pe orúkọ mi ní èdè mẹ́ta: Sídíkà, ọmọ Alata, láti Kokomlemle. Màmá sáré dé láìsí gèlè, bàtà ẹsẹ̀ kan péré. Kò nà mí. Nínú trotro, ó ní: "Bí a bá délé, má sọ nǹkan kan."

A bá Bàbá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ò mọ̀ rí pé bí a bá ti jáde, òun náà máa ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò náà, títí kan ìkéde inú pápá.

"Ìyá Sídíkà, báwo ni àsàlátù?"

"Ó dára, ẹ ṣeun."

"Ṣé wọ́n ti rí ìyá ọmọ Alata tó sọnù níbẹ̀?"

Màmá kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀, mo ká ọwọ́ sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n ká a.

"Mo gbọ́ orúkọ ọmọ mi nínú rédíò," ni Bàbá wí, "mo fẹ́ dìde, n ò mọ ibi tí mo máa gbà wọ àárín èrò náà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí omi lójú rẹ̀. A wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò bá Màmá sọ̀rọ̀ kọjá ìkíni. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, ó wọ agbádá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Bí ẹ bá máa lọ, mò ń bá yín lọ. Èmi ni mo máa di ọmọ náà mú." Látìgbà náà, àwa mẹ́ta la jọ ń lọ. Kò pariwo rí. Ó kàn máa ń di ọrùn ọwọ́ mi mú títí ọwọ́ náà á fi kú.

Wọ́n ti tún pápá náà kọ́ báyìí. Ìjókòó oníke ló wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Orí fóònù làwọn ọmọ mi ti ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní oòrùn ti pọ̀ jù. Bàbá ti rọ̀run, Màmá ti darúgbó. Lọ́dún tó kọjá, mo mú un padà lọ. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi í bóyá ẹnì kan ló ni ibẹ̀.

Màmá ò tilẹ̀ yíjú kúrò lórí pápá. "Bàbá Sídíkà ló ni ín," ló wí fún un ní Yorùbá.

Ọmọ náà wojú mi, ó ń retí kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo ní kó lọ wá ibòmíràn jókòó.