Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà Padà Sọ́gbà Mi

Kí òmìnira tó dé, bí ẹ bá dé Musin tí ẹ béèrè ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbe ẹran, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n máa júwe fún yín. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n tó bá di ti ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí, kí ẹnikẹ́ni má bá mi dù ú.

Àjákù pákó tí mo rù wá láti Ijora ni mo fi kanlé fún wọn. Mo gbé ilé náà kúrò nílẹ̀ kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè máa jò lọ, torí pátákò tó bá ń gbé inú ẹrẹ̀, rírà ló ń rà. Ọ̀bẹ iṣẹ́ mi ni mo fi ń gé pátákò wọn. Èèpo ẹ̀gẹ́, orí páànù ni mo ti ń sá a kó gbẹ kó tó kan ẹnu ẹran. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, á dá wà lẹ́yìn ilé títí n ó fi rí i pé ara rẹ̀ le. Ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi ń fún mi ní ewúrẹ́ wọn ní àgbàsìn: bó bá bímọ, wọ́n á mú ọ̀kan, èmi náà á mú ọ̀kan. Ìyá àgbà kan tó ń ta ọṣẹ dúdú ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wá.

Bíríkìlà kan ló múlé tì mí, àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí. Ó ra òbúkọ kan tó ń húkọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣàn.

Mo ní, "So ó lọ́tọ̀ o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Káfíńtà, ṣé kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ni? Ẹran tí a máa jẹ!"

Ó tú u sílẹ̀. Ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, òbúkọ náà wọ ọgbà mi, ó mu nínú omi àwọn ẹran mi. Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ̀rẹ̀, tí ẹnu wọn ń bó. Ewúrẹ́ tèmi gan-an, ìyá gbogbo agbo, kú toyún-toyún.

Ká ní bíríkìlà dákẹ́ ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ó lọ jókòó síwájú mọ́sáláṣí, ó ń wí pé, "Ọwọ́ káfíńtà yẹn ò gbe ẹran rárá." Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹran wọn lọ. Ìyá àgbà ló kẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú, ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni." Ilé ta ni wọ́n kó wọn lọ? Ilé bíríkìlà! Mo kó ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí káfíńtà ṣe ń kó ìṣó sẹ́nu, mò ń dúró de pákó.

Pákó dé lásìkò òjò. Obìnrin kan tó ń yan gàrí ládùúgbò fún bíríkìlà ní èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, ó dà á fún ẹran bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló gbé ewúrẹ́ ìyá àgbà já lu ọgbà mi, apá òsì ikùn rẹ̀ le bí ìlù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Ó fẹ́ bẹ́!"

"Mo ti wá di ẹ̀gbọ́n? Èmi tí ọwọ́ mi ò gbe ẹran?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi!"

"Lọ pe ìyá tó ni ín wá."

"Á kú kí n tó dé!"

"Sáré nígbà náà."

Bó ṣe kẹ̀yìn sí mi ni mo ti gbé ẹsẹ̀ iwájú ẹran lé orí àga iṣẹ́ mi. Òun ni mò ń bá jà, mi ò bá ẹran jà. Mò ń fi epo pupa sí i ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, díẹ̀díẹ̀, kó má baà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, mo sì ń ra ikùn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé, ẹran ti ń gùnfẹ̀. Ìdajì àdúgbò ló tẹ̀ lé wọn.

Mo ní, "Sọ fún ìyá, kí lo fún ẹran rẹ̀ jẹ? Òbúkọ ta ló sì kó àìsàn wọ ọgbà mi?"

Ó ń kùn nínú.

Obìnrin kan kígbe, "Sọ ọ́ sókè, bó o ṣe sọ ọ́ níwájú mọ́sáláṣí!"

Ó sọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí èérún pákó mi, ó ní ọwọ́ òun ni kò dáa, kì í ṣe tèmi. Ìyá àgbà mú okùn ẹran náà nílẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí àwọn yòókù fi kó tiwọn padà wá fún mi.

Wọ́n ní kí n dárí jì í. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Jímọ̀, mo máa ń so ewúrẹ́ ìyá àgbà àtàwọn ọmọ rẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí bíríkìlà ń gbà lọ kírun, ara wọn á máa dán. Bó bá kọjá, tó bá ṣèèṣì húkọ́, màá gbóhùn sókè, kí gbogbo ilé lè gbọ́:

"Ẹ so ó lọ́tọ̀ o!"