Kọ́là Búlúù Nínú Fọ́tò Ọmọ Mi

Fún oṣù mẹ́rin gbáko, ọmọbìnrin mi kò pè wá. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti orí Wasaapu rẹ̀, ẹyọ kan ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ Lárúbáwá ló wà. Obìnrin kan tó ní ọ́fíìsì ní Ọ̀rẹ̀ ló bá a ṣètò ìrìn àjò, ó sọ pé ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni yóò ti máa tajà. Nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sórí àga pupa ńlá kan, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ ọ̀tọ̀ ló máa ń wọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń fi han àwọn ìyá ìjọ wa ní Odigbo.

"Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń dán! Ìyá òkè òkun, ẹ má gbàgbé wa o!"

Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí. Nígbà tí fọ́tò kẹfà dé, mo fẹ ọrùn aṣọ tó wọ̀ lójú fóònù kí n lè mọ bí wọ́n ṣe rán an. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ni, ṣùgbọ́n etí kọ́là búlúù kan yọ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí i létí. Mo padà sí ìkarùn-ún. Kọ́là náà wà níbẹ̀. Nínú ìkẹrin, gèlè bo ọrùn, àmọ́ apá búlúù yọ lábẹ́ apá aṣọ. Gbogbo aṣọ wọ̀nyí ló fi ìbú ìka méjì jábọ́ kúrò léjìká rẹ̀. Ẹni tó ni wọ́n sanra jù ú lọ. Kọ́tìnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ká bákan náà nínú gbogbo wọn.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ya gbogbo rẹ̀. Wọ́n kàn ń gbé aṣọ wọ̀ ọ́ lé aṣọ iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni. Mo bi ara mi pé, báwo ló wá ṣe wà lónìí?

Mo sọ fún ọkọ mi.

"Ojú aránṣọ rẹ yìí, ó máa pa ọ́ lọ́jọ́ kan," ó ní. "Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ìwọ ń wo kọ́là."

"Bàbá, ẹ gba fóònù, ẹ wò ó fúnra yín."

Ó wò ó pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀. Látìgbà tí àìsàn ti mú ọkọ mi lójijì nínú oko kòkó lọ́nà Aráròmí-Obù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Tí a bá fẹ́ ya fọ́tò sí ọmọ, màá dúró sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, màá fi ìró mi bo ọwọ́ náà. Mo rò ó pé bí a bá sòótọ́, ọmọ náà á sòótọ́. Mo ya ọwọ́ bàbá rẹ̀ bó ṣe rí, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá rẹ nìyí. A fi pamọ́ fún ọ ni. Ìwọ náà, sọ bí o ṣe wà fún mi."

Wasaapu fi hàn pé wọ́n ti kà á.

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ohùn ọmọ mi ni, ó kéré bíi ti ẹni tó fara pamọ́.

"Màámi, fóònù ẹlòmíì ni mo yá. Ẹ má kọ irú ìyẹn mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Fóònù mi wà lọ́wọ́ màdáámù tí mò ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé wọn. Àwọn ló ya fọ́tò, àwọn ló ń fi í ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ ni, kí ẹ má baà wá mi."

"Ṣé wọ́n ń lù ọ́?"

"Ṣé bàbá mi ń rìn?"

"Wọ́n ń rìn. Mo ní, ṣé wọ́n ń lù ọ́?"

"Fọ́tò mẹ́sàn-án ni wọ́n yà. Ó ku mẹ́ta. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá tán. Ẹ máa ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀."

Ìpè náà gé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀rẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì obìnrin tó ṣètò ìrìn àjò rẹ̀. Ẹni tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ó ti kó lọ. "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń wá a o, Màmá," ó ní, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. A dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀. Wọ́n ní ká máa retí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, fọ́tò keje wọlé: aṣọ aláwọ̀ ewé, àga pupa, ẹ̀rín. Ọkọ mi jókòó tì mí, ó ní kí n rọra kọ èsì, kí wọ́n má baà fura. Mo kọ ọ́ sí màdáámù náà, obìnrin tí mi ò rí ojú rẹ̀ rí:

"Ó dára, ọmọ mi. Aṣọ yìí yẹ ọ́ gan-an ni."