Ilé Ìtọ́jú Ọmọ Tí Màámi Kọ̀ Láti Tì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Houston, màámi ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní àdúgbò Fondren Southwest. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìṣirò òwò kí olùkọ́ kankan tó kọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹ rò pé kọ̀ǹpútà nìkan ló gbọ́n.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìfọpo kan ní Baytown. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, iléeṣẹ́ náà ní kí wọ́n máa lọ sílé, àwọn àti ọ̀pọ̀ òbí tó ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa. Kò pẹ́ tí ilé tó máa ń kún fún ariwo fi ku ọmọ mẹ́ta péré. Bàbá mi ní kí màámi tì í. Wọ́n tún pe bọ̀ọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, oníṣirò owó, kí wọ́n wá bá wọn dá sí i.

"Sister, ẹ ti daycare yẹn pa. Loss lẹ ń ṣe."

Màámi gbé oúnjẹ síwájú wọn ná. "Bọ̀ọ̀dá, títí ọdún á fi parí ni mo fọwọ́ síwèé fún landlord. Tí mo bá tì í lónìí, ṣé kò ní gba rent ni?"

Bọ̀ọ̀dá kọjú sí ìrẹsì wọn.

Èyí tó wá bí bàbá mi nínú jù ni pé màámi lọ bá àwọn ìyá tó ń wáṣẹ́ kiri, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé ọmọ wọn wá, kí wọ́n san ìdajì owó.

"Half price? Àánú lò ń ṣe, kì í ṣe business."

"Dádì, business ni. Rent ò yí padà. Iná ti wà ní títàn. Ìyá tó ń bá mi ṣọ́ àwọn ọmọ, owó kan náà ni mò ń san fún un. Ọmọ kan tó bá kún wọn, oúnjẹ ẹ̀ àti mílíìkì ẹ̀ nìkan ló máa ná mi. Half yẹn sì ju ìyẹn lọ dáadáa. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, inú rent ló ń lọ."

Ó wù mí kí n pàtẹ́wọ́, àmọ́ ojú bàbá mi kò ṣeé wò. Nígbà tó yá, ilé kún. Bàbá mi, odidi ẹnjiníà, ń nu ikun imú fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì ń fajú ro. Ọdún parí, onílé wá wò bóyá a ti ń kó ẹrù. Màámi ní kó gbé ìwé àdéhùn ilé ti ọdún tuntun wá.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Orí fóònù ni àwọn òbí ti ń sanwó báyìí. Ṣùgbọ́n bí o ṣí, bí o ò ṣí, onílé á gba tirẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ọkùnrin ṣí kọ̀ǹpútà síwájú mi, ó ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi pa títí ọjà á fi yá. Mo bi í bóyá onílé ò ní gba owó ilé lóṣù yẹn. Ó ní òun ń ronú.

Kó máa ronú lọ. Èmi mú kọ́kọ́rọ́ mi, mo lọ ṣílẹ̀kùn.