Wáyà Tó Pa Àgbò Iléyá Mi

Ọjọ́ tí iná pa àgbò Iléyá mi ní Hamdalaye, àdúgbò wa ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Bọ̀ọ̀dá Lásísì, àbúrò ọkọ mi, ló fa wáyà láti inú ilé lọ sí ahéré páànù tí mo ń kó aṣọ sí. Mo ní kó rì í mọ́lẹ̀ nínú páìpù. Ó ní kí ni obìnrin mọ̀ nípa iná. Nígbà tí òjò rọ̀, iná gbé àgbò tí mo so mọ́ ilẹ̀kùn ahéré. Ó kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, a ò sì lè jẹ òkú ẹran.

“Òtútù ló pa á,” ni bọ̀ọ̀dá wí.

“D'accord, ó dáa. Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà.”

Gbogbo ilé ń wò ó. Kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo tú àgbò tirẹ̀, mo fà á lọ.

Wáyà tuntun ti wà nínú páìpù lábẹ́ ilẹ̀ báyìí. Ti àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi. Lọ́dọọdún, mo ń gé e díẹ̀, òun ni mo fi ń di ẹnu àpò ẹran Iléyá tí mo ń fi ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá.