Ọkùnrin Tó Dúró sí Ojú Ọ̀nà Eré

Ẹni tó bá ń retí kí n sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí dáadáa nítorí pé ó ti kú, kó má ka èyí. Ikú kì í sọ ìkà di ènìyàn rere. Òun ni bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya. Ẹsẹ̀ tèmi ló sì yá jù ní gbogbo àgbègbè Kabba láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ajẹ́lẹ̀ lórí wa, ní bí ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira. Nítorí ẹsẹ̀ yìí ló ṣe kórìíra mi.

Òkè-Bùkún ni wọ́n bí mi sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi léré. Oko wa jìnnà, mo sì kórìíra àtisùn ní abà, nítorí náà mo máa ń sáré lọ, mo máa ń sáré bọ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ṣe eré ọ̀nà jíjìn kan láti Odo-Ape wá sí pápá iwájú ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ ní Kabba. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sá a, mo sì gba ipò kìíní lọ́dún méjì tó tẹ̀ léra. Lọ́dún kẹta, wọ́n kéde pé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní yóò lọ bá gbogbo ilẹ̀ Àríwá díje ní Kàdúná. Àwọn ará wa tí mo mọ̀ tó ti dé Kàdúná, ṣọ́jà ni wọ́n, tàbí lébìrà. Mo fẹ́ débẹ̀ débi pé mi ò lè jẹun.

Mo sì fẹ́ ọmọbìnrin náà pẹ̀lú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi fi kọ ebè fún bàbá rẹ̀, bí àṣà wa ṣe ní kí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ máa ṣe. Ó jẹ iṣu náà dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí mi, á kígbe láàárín àwùjọ pé, “A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Ìwọ yìí, ta ló ń lé ọ?” Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Èmi òmùgọ̀ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tí eré náà ń gbà. Lọ́jọ́ eré ọdún kẹta yẹn, mo ti fi gbogbo wọn sẹ́yìn pátápátá. Bí mo ṣe yọ ní kọ́nà abúlé rẹ̀, òun ni mo rí láàárín ọ̀nà, ó wọ aṣọ ìsìn rẹ̀, àgbà méjì nínú ẹbí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àlejò lè ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ kì í kọjá lára bàbá ọmọ lójú ọ̀nà. Yóò dọ̀bálẹ̀, kò sì ní dìde títí a ó fi ní kó dìde. Bó bá kọjá, ó ti kọ ọmọ náà sílẹ̀ nìyẹn lójú ẹlẹ́rìí. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi kó ẹlẹ́rìí méjì dání nìyẹn.

Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi ń lu ilẹ̀ kì-kì-kì.

“Okun o, Baba,” ni mo fi kí i, bí a ṣe ń kíra wa lọ́dọ̀ wa.

“Okun.” Ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. “Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Ó wà.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Ó wà, Baba.”

“Iṣu yín ńkọ́? Ṣé ó ta?”

“Ó ta, Baba.”

“Ewúrẹ́ yín tó sọnù ńjọ́sí, ẹ rí i?”

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọmọ ìlú Egbe kan ni. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, iyanrìn rẹ̀ wọ̀ mí lójú. Bàbá náà wò ó títí tó fi lọ, ó wá rọra béèrè ìyá bàbá mi.

“Ó ti kú, Baba. Ẹ̀yin náà wà níbi ìsìnkú rẹ̀.”

“Háà, mo mà gbàgbé.”

Ẹnì kejì kọjá. Ẹnì kẹta kọjá. Nígbà náà ló wá ní, “Dìde, máa lọ.”

Mo sáré títí mo fi ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́nu ara mi. Mo lé ẹni méjì bá, mi ò lé ọmọ Egbe bá. Òun ló lọ sí Kàdúná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo lọ sílé bàbá yìí. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá pàdánù ọ̀kan, mo ti rí ìkejì. Iṣu sísun ló ń jẹ.

“Mi ò lè fọmọ fún ẹni tí wọ́n borí rẹ̀,” ló wí. “Gbogbo Kabba ló rí ọ.”

“Baba, ẹ̀yin ni mo dọ̀bálẹ̀ fún!”

“Ṣé èmi ni mo ní kó o dọ̀bálẹ̀?”

Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìkórè iṣu kò tíì dé tí wọ́n fi fà á fún akọ̀wé kan ní Lokoja.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún sá eré náà. Kì í ṣe Kàdúná ló wà lọ́kàn mi mọ́, ojú bàbá yẹn ni. Mo tún ṣíwájú. Ó sì tún dúró síbẹ̀, òun nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbé igbá kan dání.

“Okun o!” Òun àgbà ló kọ́kọ́ kí mi.

Mi ò dáhùn. Mo fi ìgúnpá gbá igbá náà dànù, mi ò sì wẹ̀yìn. Mo gba ipò kìíní. Mo lọ sí Kàdúná, mo borí gbogbo wọn níbẹ̀, wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ lé mi lọ́wọ́. Ọdún mélòó kan kọjá kí ẹnikẹ́ni tó lè fi mí sẹ́yìn.

Àṣé bí mo ṣe wà ní Kàdúná ni bàbá náà kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ wá sìnkú láti Lokoja, ó sì wá bá mi lójúde wa.

“Ìyá mi ní omi ni bàbá mi gbé dání fún ọ,” ló wí. “Ó jí lọ́jọ́ náà, ó ní òun ń lọ bẹ̀ ọ́.”

“Ó pẹ́ jù,” ni mo dáhùn. “Ṣé èmi ni mo ní kó gbé omi wá?”



“Ohùn bàbá mi gan-an nìyẹn,” ló wí, ó sì yíjú padà, ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju eré yòówù tí mo pàdánù lọ. Inú ṣì ń bí mi sí bàbá rẹ̀.